Bátìrì Láptọ́ọ̀pù Kì í Ṣe Ohun À Ń Fi Sẹ́nu

Fóònù àti rédíò ni mò ń tún ṣe ní Ìkàrẹ́, ọmọ Ìfira-Àkókó sì ni mí. Vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, ti wọ̀lú báyìí, ó sì ti ń dé orí tábìlì mi. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni èyí tí wọ́n ṣe bí ìkòkò tábà àwọn baba wa: orí rẹ̀ rí roboto, ọrùn rẹ̀ tẹ̀, àmọ́ kò sí ewé tábà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣáná sí i. Títún un ṣe kò burú lójú mi. Ohun tí àwa alátùn-únṣe ń kì bọ inú rẹ̀ ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí.

Inú orí ìkòkò yẹn ni bátìrì wà. Béèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, iná á gba inú wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì. Wáyà náà á gbóná, á sì sọ omi tó rin òwú àárín rẹ̀ di èéfín. Nikotíìnì máa ń wà nínú omi ọ̀hún, òun kan náà tó wà nínú tábà, tí kì í jẹ́ kí amutábà lè jáwọ́. Bó bá ń rùn bí òwú tó jóná, kọ́ìlì ló ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ fi spírítì nu ojú irin tí bátìrì ń fara kàn, torí omi yẹn máa ń jò síbẹ̀. Bó bá jẹ́ wáyà bọ́tìnnì ló já, lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ ti tó. Ọmọṣẹ́ mi tí kò tíì ṣe fírídọ̀ọ̀mù ń ṣe gbogbo ìyẹn.

Bátìrì ni wàhálà. Èyí tó ń wọ àwọn ìkòkò kéékèèké ni 18350: ó fẹ̀ tó mìlímítà 18, ó gùn tó 35. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èyí tó kún ìlú ni 18650, tó gùn tó 65, tí a ń tú jáde nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti kú, tí a fi ń ṣe tọ́ọ̀ṣì àti páwà báǹkì. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe wá ní Àkókó, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Èmi náà ní irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ nílé.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gbé ìkòkò oníbátìrì tiwọn wá láti Ìfira. Ọmọ wọn tó wà ní Manchester ló rà á kí wọ́n lè fi ìkòkò tábà gidi sílẹ̀, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n: bátìrì kò tó fólìtì 2 mọ́. Bó bá kún, 4.2 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá sì ti lọ sílẹ̀ ju 2.5 lọ, kò yẹ kéèyàn tún fi iná sí i. Bàbá ní ẹnì kan ní Ọ̀kà ti ṣèlérí pé òun á lẹ ti láptọ́ọ̀pù mọ́ ìta, òun á fi wáyà fà á wọlé, òun á sì fi téèpù dì í.

“Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kó ṣe é.”

“Kí ló dé? Ṣé ìwọ kọ́ lo fi ti láptọ́ọ̀pù sí tọ́ọ̀ṣì mi ni?”

“Èmi ni, sà. Ẹ kì í fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu.”

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, vape bú gbàmù mọ́ ọkùnrin kan ní St. Petersburg, ní Florida, ó sì kú. Ní oṣù Kìíní 2019, ọmọ ọdún 24 kan kú ní Fort Worth, ní Texas, nígbà tí àfọ́kù vape tó bú gé iṣan ọrùn rẹ̀. Pátákó kékeré kan ló ń ṣọ́ bátìrì nínú láptọ́ọ̀pù. Bí a bá ti tú u jáde, kò ní ẹ̀ṣọ́ mọ́. Kọ́ìlì sì ń fa iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ju èyí tí gílóòbù tọ́ọ̀ṣì ń fà lọ fíìfíì. Ta ló mọ ọdún tí bátìrì ààtàn yẹn ti lò, tàbí ibi tó ti já bọ́ rí?

Àwọn kan ní kí n kúkú lé gbogbo onívape lọ. Rárá o. Ní 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn yóò fún amusìgá mílíọ̀nù kan ní vape kí wọ́n lè fi sìgá sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2025, wọ́n fòfin de títa èyí tí à ń lò sọnù. Ó bọ́ sí i lójú mi. Àgbà tó ń sá fún tábà lè máa lo èyí tó ṣeé tún ṣe. Èyí tó ń ta sánsán bíi súìtì, tí ọmọdé ń fi pamọ́ sínú báàgì ìwé, kó kúrò nílẹ̀. Òfin tábà ọdún 2015 ní orílẹ̀-èdè yìí ní a kò gbọ́dọ̀ ta tábà fún ẹni tí kò pé ọdún 18. Kí wá ni tèmi tí màá fi máa bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tún vape ṣe? Ẹni tó wọ yunifọ́ọ̀mù dé ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ẹ̀ máa gbé e padà lọ bó ṣe gbé e wá ni.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi láti Ìkàrẹ́ títí dé Ìṣùà, ẹ máa pààrọ̀ kọ́ìlì, ẹ máa so wáyà. Bó bá ti kan bátìrì, tí èyí tó bá a mu kò sì sí lọ́wọ́ yín, ẹ dá owó oníbàárà padà. Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, bí ẹ bá ń ra irú ìkòkò yìí fún bàbá yín, ẹ ra bátìrì méjì àti kọ́ìlì mọ́ ọn, kí ẹ tọ́jú wọn sínú ike, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì tí ẹ ó gbé wọ inú bàálù. Wọn kì í gbà á nínú ẹrù tó ń lọ sí ìsàlẹ̀.