Èsì: Ẹ Má Tíì Da Eérú Èédú Sí Kòtò Ìwakùsà

Olóòtú wa,

Ẹni tó ní kí wọ́n fi eérú èédú dí kòtò àwọn awakùsà Ìjẹ̀ṣà torí pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, àyẹ̀wò wo? Àyẹ̀wò TCLP tí Amẹ́ríkà ń lò láti mọ májèlé tó lè tú jáde lára ìdọ̀tí, wákàtí bíi 18 péré ni wọ́n ń fi gbọn eérú pọ̀ mọ́ omi kíkan. Ààtàn ìlú ni wọ́n sì ṣe é fún. Àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ ní Ìlá mọ̀ pé omi àkọ́kọ́ tó ń kán lábẹ́ ajere eérú kì í jọ ti ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni májèlé arsenic tí kò tú jáde nínú omi kíkan lè tú jáde nínú omi mìíràn. Lọ́dún 2006, National Research Council ti Amẹ́ríkà ti ní kí àyẹ̀wò bá ipò kòtò gan-an mu. Omi kànga ìtòsí kòtò náà ni kí wọ́n fi dán an wò, fún oṣù púpọ̀.

Ọmọ Ìgbómìnà,
Ìlá-Ọ̀ràngún