Òdòdó Ilá Nínú Sinimá

Ẹni tó bá gbin ilá sí ẹ̀yìnkùlé mọ̀ pé òdòdó rẹ̀ kì í pẹ́: á là ní òwúrọ̀, á sì ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó tì í rí títí tó fi là tán? Àwa náà kò ṣe é rí, àfi ìgbà tí ọmọ wa kan níbí ní Takon fẹ́ fi í sínú sinimá kékeré tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe.

Wọ́n so tẹlifóònù mọ́ igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kí ó máa ya fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Láti aago 6 òwúrọ̀ di aago 12 ọ̀sán, fọ́tò 720 ni. Sinimá a máa fi 24 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wákàtí mẹ́fà wá di ìṣẹ́jú àáyá 30 péré.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní nǹkan bí 1926 sí 1929, Dókítà Jean Comandon ń ya ewéko bẹ́ẹ̀ ní Boulogne, lẹ́bàá Paris. Albert Kahn, olówó ńlá kan, ló ń náwó rẹ̀. Kahn yìí kan náà ló náwó sí sinimá tí Fadá Francis Aupiais, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Àjàṣẹ́, wá yà nílẹ̀ Dahomey ní 1930.

Ti ọmọ wa kò rí olówó. Tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà nílé, ti bàbá sì ni. Ní aago 9, oníbàárà epo pè; bàbá já a kúrò lórí igi, ó dáhùn. Nígbà tí wọ́n dá a padà, kò bọ́ sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nínú sinimá, òdòdó ń là jẹ́jẹ́, ó sì fò lójijì bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọ sunkún. A kò lè dá bàbá lẹ́bi, owó epo yẹn ni owó ilé ìwé.

A bá wọn sọ ọ́. Bàbá gbà pé ní Sátidé tó ń bọ̀, kí oníbàárà pe nọ́ńbà aládùúgbò, kí wọ́n sì ti ìpè pa lórí tẹlifóònù títí di ọ̀sán. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ dán an wò, ẹ gba iná sí i kún dáadáa, kí ẹ sì so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Òdòdó mìíràn ni wọn yóò yà. Ìyá ti ká ilá ti àkọ́kọ́, ó ti wọ inú ọbẹ̀.