ÌWỌ̀N EKU NÌWỌ̀N ÌTẸ́: Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ RA SUBWOOFER SÍNÚ ỌKỌ̀, Ẹ GBỌ́ O

Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fi subwoofer sínú ọkọ̀?" Rárá o! Báàsì kì í ṣe ẹ̀mí èṣù. Ṣebí gìtá báàsì wà nílé ìjọsìn. Ohun tó ń dùn mí ni bí ẹ ṣe ń rà á: nọ́ńbà tó tóbi jù lára páálí lẹ ń wò, ẹ wá ń kówó sínú iná.

Ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀. "3000 wáàtì", "5000 wáàtì" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí yẹn, peak ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe agbára tí ẹ̀rọ náà lè gbé lọ títí. RMS ni kẹ́ ẹ béèrè, ìyẹn agbára tó lè máa gbé láìsinmi. Amplifier tí wọ́n kọ 5000 sí lára lè má ní ju 500 RMS lọ. Òṣùwọ̀n èké nìyẹn, ẹ sì mọ ojú tí Ọlọ́run fi ń wo òṣùwọ̀n èké nínú Òwe 11. Láti 2003 ni ìlànà kan ti wà ní Amẹ́ríkà, CEA-2006 (CTA-2006 ni wọ́n ń pè é báyìí), tó ní kí wọ́n wọn agbára amplifier ní 14.4 volt àti 4 ohm, kí ohùn má sì dàrú ju 1% lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i lára páálí, ó dáa. Tí ẹ ò bá wá rí RMS rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá síwájú.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ohm. A máa ń wàásù fún àwọn tó fẹ́ gbéyàwó nípa àjàgà tí kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni wúfà àti amplifier. Tí amplifier bá ń mú 500 RMS jáde ní 2 ohm, wúfà kan ṣoṣo tó jẹ́ 4 ohm kò ní rí 500 yẹn gbà. Wúfà méjì tó jẹ́ 4 ohm, tẹ́ ẹ bá so pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù, á di 2 ohm. Tẹ́ ẹ bá so wọ́n tẹ̀léra, á di 8. Tí amplifier kò bá lè gba 2 ohm, á gbóná, á kú, tàbí kó jóná. Nítorí náà, wúfà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ ṣírò ohm tó máa kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá so ó tán, kẹ́ ẹ wá wá amplifier tí RMS rẹ̀ ní ohm yẹn bá ti wúfà mu.

Àwọn kan ní, "Màá ra amplifier kékeré, wúfà mi ò ní bàjẹ́." Irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá fipá mú kékeré ṣiṣẹ́ ńlá, ohùn á máa gé, ohùn tó ń gé yẹn ló sì ń sun kọ́ìlì wúfà. Gain kì í ṣe volume o! Ẹ má yí i dópin.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, iná ọkọ̀. Amplifier 1000 RMS lè fa tó 90 amp tó bá ń ṣiṣẹ́ dópin. Alternator ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tí à ń wà kò ju 80 sí 100 amp lọ, AC àti iná iwájú sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná ọkọ̀ míì fi ń ṣẹ́jú lálẹ́ bí báàsì ṣe ń lù. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, 300 sí 500 RMS tó o. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Èyí tí mo bẹ̀ yín sí jù ni fíúsì. Ẹ fi í sórí wáyà tó ń bọ̀ láti bátìrì, kó má jìnnà sí bátìrì ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ. Tí wáyà yẹn bá bó, tó kan irin, tí kò sì sí fíúsì, ọkọ̀ lè gbiná pẹ̀lú ọmọ yín lẹ́yìn. Tí rewáyà bá ní kò pọn dandan, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wáyà náà nípọn, kó sì jẹ́ kọ́pà gidi.

Jésù sọ ọ́ nínú Lúùkù 14 pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ á kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣírò wúfà, amplifier, àpótí, wáyà, fíúsì àti owó iṣẹ́. Tówó ilé-ìwé ọmọ bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ ní sùúrù. Ẹni tó bá jẹ gbèsè nítorí ariwo, ariwo olówó-gbèsè ló máa gbọ́ gbẹ̀yìn.

Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ yín. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa lórúkọ Jésù. Ṣàlóòmù!