Ilà Ojú Kì í Ṣe Àbààwọ́n

Ó ti tó bí ọdún méjì tí mo ti ń kíyè sí àwọn pósítà ìsìnkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè. Ojú àwọn olóògbé wa ti ń dán jù. Ẹ ó rí ìyá àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí awọ ojú rẹ̀ ń jọ̀lọ̀ bí ti ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, tí eyín rẹ̀ pé, tó funfun kinkin, tí pélé tí gbogbo àdúgbò fi ń dá a mọ̀ sì ti pòórá. Kò sí ọmọ tó ní kí wọ́n pa pélé ìyá òun rẹ́. Sọ́fítíwià ló pa á rẹ́, torí pé àbààwọ́n ló kà á sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ti di alátùn-únṣe fọ́tò nínú ìdílé yín, ẹ gbowó ni o, ẹ kò gbowó ni o. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá dára jù láàárín àwọn ọmọ ni wọ́n ń fi àwòrán Bàbá ránṣẹ́ sí.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn báyìí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1990 tí Photoshop, iṣẹ́ ọwọ́ Thomas Knoll àti John Knoll àbúrò rẹ̀, jáde fún títà, ọwọ́ ni ènìyàn fi ń tún àwòrán ṣe díẹ̀díẹ̀. Ní 2010, Content-Aware Fill dé: ẹ yọ ohun tí ẹ kò fẹ́, ẹ̀rọ á sì fi ohun tó yí i ká dí àlàfo náà. Neural Filters tẹ̀ lé e ní 2020. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n gbé Generative Fill jáde fún ìdánwò: ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ á sì ya ohun tí kò sí níbẹ̀ rí.

Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Ẹ̀rọ àtijọ́ ń yá nǹkan lò láti inú àwòrán tó wà níwájú rẹ̀. Ti ìsinsìnyí ń méfò ni, láti inú àìmọye àwòrán àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n fi kọ́ ọ. Bí àwọn ojú tó ní ilà bá kéré nínú ohun tó kọ́, ìlà mẹ́ta lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ní yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí ibi tí èékánná ti ha pépà fọ́tò àtijọ́. Yóò tún un ṣe, tinútinú ni o!

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè mú fọ́tò bàbá ìyá rẹ̀ wá fún mi, apẹja ni bàbá náà ní Ìwòpin, ní Ogun Waterside. Fọ́tò náà ti ṣá, ó sì ti ya ní igun kan. A kọ́kọ́ fi áàpù kan tó gbajúmọ̀ lórí fóònù dán an wò. Láàárín ìṣẹ́jú kan, bàbá ti ń dán gbinrin. Inú ọmọ náà dùn, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìwòpin lójú ẹsẹ̀. Èsì tí ó padà wá kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: “Ta nìyí?” Ìgbà náà ni a wá wò ó dáadáa. Ilà ti lọ. Imú ti tẹ́ẹ́rẹ́. Àjẹ̀ tí bàbá fi ń wa ọkọ̀ ojú omi ti di ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe tún un ṣe nìyí. A gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lé orí fọ́tò àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìpele kejì, a sì mú búrọ́ọ̀ṣì, a pa ìpele òkè náà rẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní imú àti ní ọwọ́, kí ti ìsàlẹ̀ lè yọjú padà. Ibi tó ya àti ibi tó ṣá nìkan ni a fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ó gba wákàtí méjì. Ojú bàbá kò mọ́ kedere tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bàbá ni.

N kò sọ pé kí a má fi ọwọ́ kan àwòrán òkú o. Stephen Sprague kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978 pé ní Ìlá-Ọ̀ràngún, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn ayàfọ́tò a máa ya èyí tó kù, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi tàn jẹ, torí pé gbogbo ilé mọ ohun tí àwòrán náà dúró fún. Nítorí náà, bí ìyàwó bá ní kí ẹ fi bàbá òun tó ti kú sínú fọ́tò ìgbéyàwó, ẹ bá a ṣe é. Kí ẹ kàn kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò náà, torí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí.

Ní ti owó dátà: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Generative Fill ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tó bá wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró lè lo Snapseed, ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù fúnra rẹ̀ ló ti ń pa àbààwọ́n rẹ́, níbi tí ìka yín bá tọ́ka sí nìkan. Mo fẹ́ràn èyí ju àwọn tó ń dá gbogbo ojú ṣe lọ. Fọ́tò àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹ fi pa mọ́ sí ibi méjì, kí ẹ má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó gba orí WhatsApp wá, torí ó ti fún un pọ̀.

Ó ku ti fídíò. Láti oṣù Kejì ọdún 2021 tí MyHeritage ti gbé Deep Nostalgia jáde, fọ́tò òkú ti lè ṣẹ́jú, ó ti lè rẹ́rìn-ín músẹ́. Èyí tó tún dé lẹ́yìn rẹ̀ ń mú kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé kí ẹ tó gbé irú rẹ̀ sí ojú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí; àwọn kan á wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àwọn mìíràn kò ní fẹ́ rí i rárá.