Eyín Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ìgbàgbọ́ kan wà láàrin wa tí mo fẹ́ bá jà nínú ìwé yìí. Ó wà lọ́jà, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ó wà lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa pàápàá: pé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń dun èèyàn tí kò dáwọ́ dúró, eyín ni, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́, kí wọ́n yọ ọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan tí ìrora kò lọ, wọ́n á ní èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, kí wọ́n yọ ìyẹn náà. Torí ìgbàgbọ́ yìí, àwọn àgbàlagbà kan wà tí apá kan ẹnu wọn ti ṣófo, tí ìrora sì jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Fún irú àìsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, irọ́ pátápátá ni, irọ́ tó ń ṣe èèyàn léṣe.

Àìsàn iṣan ojú ni. Trigeminal neuralgia ni àwọn dókítà ń pè é. Iṣan ìmọ̀lára ńlá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, tó ti ìdí ọpọlọ wá, tó sì pín sí ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹ̀ka kan lọ sí iwájú orí àti ojú, èkejì lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín òkè, ẹ̀kẹta lọ sí àgbọ̀n àti eyín ìsàlẹ̀. Ẹ̀ka kejì àti ẹ̀kẹta ni àìsàn yìí sábà máa ń bá jà, ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń nàka sí eyín rẹ̀. Kò purọ́. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìrora lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ìrora ti ń wá. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló dùbúlẹ̀ lé iṣan ìmọ̀lára yìí lórí nínú agbárí, nítòsí ìdí ọpọlọ. Gbogbo ìgbà tí ọkàn bá ti lù ló ń gún un, títí awọ tó bo iṣan náà á fi jẹ, bíi wáyà iná tí rọ́bà rẹ̀ ti bó. Ewo wá ni ti eyín níbẹ̀?

Ìrora eyín gidi ní àmì tirẹ̀. Ó máa ń jẹ èèyàn lóru tí kò ní jẹ́ kó sùn. Omi tútù tàbí tíì gbígbóná máa ń ru ú sókè, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Bí dókítà bá fi irin kan eyín náà, aláìsàn á ta kìjí. Ihò á wà lára eyín, tàbí kí èrìgì wú, tàbí kí àwòrán X-ray fi nǹkan hàn. Ti iṣan ojú kì í rí bẹ́ẹ̀. Òjijì ló máa ń já, bí ẹni pé iná mànàmáná gbé èèyàn, láàrin ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ sí bí ìṣẹ́jú méjì á ti lọ, á sì tún padà. Ẹ̀gbẹ́ ojú kan ló sábà máa ń wà. Àwọn tó ti lé ní ẹni 50 ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe, àwọn obìnrin sì pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Ohun tó ń ru ú sókè kò tó nǹkan rárá: fáànù tó fẹ́ sí ojú, atẹ́gùn ọyẹ́, orín tó kan èrìgì, omi àlùwàlá, abẹ tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n, ọ̀rọ̀ sísọ, òkèlè kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oúnjẹ. Á dákẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á rò pé ó ń bínú. Èyí tó sì burú jù ni pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí lójú rẹ̀: kò wú, kò pọ́n, kò sí egbò. (Mo kórìíra ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, pé kó mọ́kàn le, eyín lásán ni.)

Mo mọ èsì tí àwọn kan á fọ̀ fún mi. Wọ́n á ní, "Wọ́n yọ eyín màmá wa, ara wọn sì yá." Òun gan-an ni òpó tí ìgbàgbọ́ yìí rọ̀ mọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Àìsàn yìí máa ń sinmi fúnra rẹ̀. Ó lè gbóná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó wá lọ fún oṣù bíi mélòó kan, nígbà míì fún ọdún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun sí i. Ìgbà wo wá ni èèyàn máa ń gbà kí wọ́n yọ eyín òun? Ìgbà tó bá gbóná jù ni. Ìgbà tó bá gbóná jù yẹn ló sì sún mọ́ ìgbà tó máa sinmi. Bí ó bá wá sinmi lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín, eyín á gba ẹ̀bi, ẹni tó yọ ọ́ á gba ọpẹ́. Ohun kan náà ló ń sọ àgbo àti gbẹ́rẹ́ di oògùn rẹ̀ lẹ́nu àwọn kan. Nígbà tí ìrora bá padà, wọ́n á ní eyín míì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti eyín ni, kí ló dé tí àìsàn yìí ń ṣe àwọn tí kò ní eyín kankan lẹ́nu mọ́?

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan la ń ṣe àṣìṣe yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1677, ní Paris, wọ́n ránṣẹ́ pe John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tún jẹ́ oníṣègùn, láti wá wo aya aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ìrora ojú ló ń mú obìnrin náà kígbe. Wọ́n ti yọ eyín rẹ̀ ṣáájú, ìrora kò sì lọ. Locke kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní 300 ọdún báyìí, a ṣì ń yọ eyín.

Ti àwọn tó ń sọ pé ọ̀tá ló ta èèyàn lọ́fà kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kó gbàdúrà, àdúrà kò dí oògùn lọ́wọ́.

Oògùn sì wà. Carbamazepine ni, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Tegretol. Walter Schindler ló kọ́kọ́ ṣe é nílé-iṣẹ́ Geigy ní Basel ní 1953, nígbà tó sì di 1962, Blom, dókítà ará Sweden, ròyìn pé ó ń pa ìrora iṣan ojú. Títí di òní, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń lò fún un, ó sì wà nínú àkójọ oògùn kò-ṣeé-má-nìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Panadol kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ibuprofen náà kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa nìyí: wọ́n á fún ìyá àgbà ní carbamazepine, ọmọ rẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, á rí i pé oògùn wárápá ni, wọ́n á gbé e jù nù. Wọ́n á ní àwọn kò bí wárápá nílé àwọn. Ìyẹn ni pé wọ́n á gba kí wọ́n yọ eyín tó yè, wọ́n á sì kọ oògùn tó lè gbà wọ́n. Àwọn iṣan tó ń ta gìrì láìnídìí ni oògùn yìí ń pa lẹ́nu mọ́, ì báà jẹ́ nínú ọpọlọ ẹni tó ní wárápá, ì báà jẹ́ lójú màmá yín. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń rà ní kẹ́míìsì fúnra rẹ̀ o. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 100 mg lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó tó máa fi kún un. Ó lè mú kí oorun máa kun èèyàn, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dín kù, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ara bá sú lẹ́yìn tí ẹ lò ó, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń bá àwọn oògùn mìíràn jà, títí kan oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún dókítà.

Bí oògùn kò bá ràn án mọ́, iṣẹ́ abẹ wà. Peter Jannetta, ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti 1967: wọ́n á la ẹ̀yìn etí, wọ́n á gbé iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn kúrò lórí iṣan ìmọ̀lára, wọ́n á fi ohun rírọ̀ sáàrin wọn. Nínú àwọn aláìsàn tó lé ní 1,000 tí ikọ̀ rẹ̀ ròyìn ní 1996, ìdá 70 nínú 100 ni kò ní ìrora, tí wọn kò sì lo oògùn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ abẹ inú agbárí ni, ewu wà nínú rẹ̀, kò sì bá gbogbo ara mu. Àwọn ọ̀nà tó fúyẹ́ jù ú lọ wà fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò lè gbà á.

N kò bá dókítà eléyín jà. Ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ lọ, torí eyín tó jẹrà náà ń dunni. Ẹni tó ń yọ eyín tó yè láìya àwòrán ni mo ń bá jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ìyá tàbí bàbá yín lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ eyín lọ́sẹ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ bi dókítà léèrè ohun tó rí lára eyín náà gan-an. Bí kò bá rí nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kó yọ ọ́. Ẹ ní kó kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà iṣan àti ọpọlọ ní ọsibítù ńlá bíi UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Bí ẹni tó ń ṣe kò bá tíì pé ẹni 40 ọdún, tàbí tí ojú rẹ̀ ń kú tipiri, tàbí tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń dùn ún, ẹ tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, torí kókó tàbí àìsàn míì lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé náà lọ́wọ́.