Àgbo Kì Í Ṣe Asà fún Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a kì í ṣe ọ̀tá ewé. Ewé àti egbò ló wo púpọ̀ nínú wa dàgbà ní Ẹdẹ níbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí olóògùn bá dé gáréèjì tàbí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, tí ó ní àgbo òun ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ ìtànṣán olóró, ó yẹ kí a bi í léèrè ẹ̀rí.

Ẹ̀rí díẹ̀ wà, ibi tó mọ ni kí a sọ. Ní 2008, Adaramoye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n fún eku ní omi ewúro, ìṣápá tàbí fítámì C, wọ́n sì tan ìtànṣán gámà sí wọn lára. Ẹ̀dọ̀ àwọn eku tó rí oògùn kò bàjẹ́ tó ti àwọn tí kò rí. Wọ́n ti dán kolaviron tí a ń yọ lára orógbó wò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ gidi ni, a sì ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n eku ni, kì í ṣe awakọ̀. Ẹ̀dọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tí a wọ̀n ni, kì í ṣe èyí tí a bù láti inú kẹ́ẹ̀gì.

Ẹni tí wọ́n bá fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti àyà fún, ikọ́ gbígbẹ àti èémí tí kò já gaara lè bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù 1 sí oṣù 6 lẹ́yìn ìtọ́jú. Ó máa ń jọ òtútù àyà lásán. Kí ó tètè padà sí ilé ìwòsàn, kí ó sọ pé wọ́n ti tan ìtànṣán sí òun láyà rí. Dókítà lè fún un ní prednisolone. Bí ó bá ń mu àgbo, kí ó dárúkọ ewé náà láìtijú.

Lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ìtànṣán ni àwọn kan fi ń yẹ ojú irin tí a jó wò. Ó tún lè fara pamọ́ sínú ajákù irin tí a ń kó sọ́kọ̀. Ní oṣù December 2002, wọ́n jí ohun èlò olóró ilé iṣẹ́ epo kan gbé láàrin Warri àti Port Harcourt. Jámánì ni wọ́n ti rí i ní 2003, nínú ajákù irin. Ní Goiânia ní Brazil, ní 1987, wọ́n tú ẹ̀rọ ìwòsàn tí a pa tì, wọ́n tà á fún oní-ajákù irin. Ohun inú rẹ̀ ń tàn lóru, ni àwọn ènìyàn bá ń pín in fún ará ilé. Ènìyàn 4 kú. Ìbòmú pàápàá, eruku ló ń dá dúró, kò lè dá gámà dúró.

Owó àpò òṣìṣẹ́ ni a fi ń ra àgbo. Bóyá ìdí nìyẹn tí inú àwọn ọ̀gá kan fi ń dùn sí i. Báàjì tó ń ka ìtànṣán, asà òjé, àmì ìkìlọ̀ àti jíjìnnà sí ohun èlò náà, owó agbanisíṣẹ́ ni. Àjọ NNRA ló ń fún ilé iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ láti lo ohun èlò bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan béèrè ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ ọ̀gá, kí a sì fi báàjì sínú ohun tí a óò bá wọn dúnàá-dúrà lé lórí.