Màlúù Tí Ebi Ń Pa, Ẹ Má Pè É Lágàn

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn fìbínú wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ sí. Owó àjọ tí wọ́n kó ni wọ́n fi ra abo màlúù kan, tí wọ́n sì fà á lé Fúlàní kan lọ́wọ́ ní gáà kan l'Ókè-Ògùn. Màlúù bímọ, inú ẹ̀gbọ́n dùn. Ṣùgbọ́n ọdún kan ti kọjá, kò tún lóyún. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe pé Fúlàní ń ṣe màgòmágó, a jẹ́ pé ẹran ti yàgàn nìyẹn, alápatà ló kù tó máa rà á.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù. Báwo lara ẹ̀ ṣe rí?" Wọ́n ní èèyàn lè ka egungun ìhà ẹ̀. Mo ní ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà!

Ẹ̀yin èèyàn mi, oyún màlúù tó nǹkan bí 280 ọjọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa bímọ lọ́dọọdún, ó gbọ́dọ̀ lóyún láàárín ọjọ́ 85 tó bímọ. Àsìkò yẹn gan-an ni gbèsè sì ń wọ ara ẹ̀. Wàrà tó ń jáde ń pọ̀ sí i, oúnjẹ tó ń jẹ kò ká a. Bíi ti òṣìṣẹ́ tí owó oṣù ẹ̀ kò tó ná, tó wá ń fa owó tó fi pamọ́ yọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá ara ẹ̀ ló ń yọ fi ṣe wàrà.

Ọpọlọ ẹ̀ sì mọ̀. Họ́móònù ni ìránṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ nínú ara. Bí oúnjẹ kò bá tó, ínsúlínì á wálẹ̀, èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe tí wọ́n ń pè ní IGF-1 náà á wálẹ̀. Ọpọlọ á wá dín LH kù, ìyẹn họ́móònù tó ń mú kí ẹyin gbó kó sì já. Ẹyin ò já, màlúù ò wá akọ. Bí ọmọ bá tún ń mu ọmú lemọ́lemọ́, ìyẹn náà ń fà á sẹ́yìn. Kò sí ọwọ́ ayé kankan níbẹ̀ o.

Kódà Holstein àwọn òyìnbó, tó lè fún wọn ní ọgbọ̀n lítà wàrà lójúmọ́, ń bá irú ìṣòro yìí fínra, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ pọ̀ níwájú ẹ̀. Ká má tíì sọ màlúù funfun tàwọn Fúlàní wa, tí koríko gbígbẹ nìkan ló ń rí jẹ nígbà ọyẹ́.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ má dúró dìgbà tó bá bímọ. Láti ìgbà tí oyún bá ti ku oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ti máa fún un ní èèpo gbágùúdá tí wọ́n sá gbẹ dáadáa, èérún ekùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín ẹ̀, ewé ẹ̀pà, iyọ̀ àti omi tó pọ̀. Kó má kàn sanra jù, torí èyí tó bá sanra jù kì í lè jẹun dáadáa lẹ́yìn ìbímọ. Kẹ́ ẹ sì pe dókítà ẹran, nítorí ibi tí kò tètè jáde àti àrùn inú ilé ọmọ náà lè dí oyún lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n fi alápatà sílẹ̀, owó oúnjẹ ẹran ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí gáà. Wọ́n tún ní kí n bá wọn bẹ Fúlàní tí wọ́n ti pè lólè. Ẹni bá ta ìyá màlúù lówó pọ́ọ́kú, gbogbo ọmọ tí ì bá bí ló bá a tà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.